Mítà Ka 310 ní Ọsibítù, Ó Ka 170 Nílé: Èwo Ni Òótọ́ Nípa Ṣúgà Ológbò?

Ẹ gbé ológbò lọ sí ọsibítù ẹranko láàárọ̀, wọ́n gún un, mítà ka 310. Dókítà ní ṣúgà rẹ̀ ga. Ẹ délé, ara balẹ̀, ẹ mú mítà tí Bàbá fi ń wo ṣúgà tiwọn, ẹ fi wo ológbò kan náà nírọ̀lẹ́, ó ka 170. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi tòun wò ó, tiẹ̀ ka 195. Nọ́ńbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan, lára ológbò kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń gbé mítà sọnù. Àwọn mìíràn á di nọ́ńbà tó ga jù mú, wọ́n á fi kún abẹ́rẹ́. Èyí tó léwu jù nìyẹn.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wákàtí tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò ló yàtọ̀. Nọ́ńbà tí dókítà lè bá ṣiṣẹ́ ni èyí tí ẹ̀rọ kan náà kà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, nínú ilé tí ara ti tu ológbò, tí ẹ sì kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ ṣe máa rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni àlàyé yìí dá lé.

Kí ni a ń wọ̀n gan-an?

Àtọ̀gbẹ ń mú ológbò bó ṣe ń mú ènìyàn. Èyí tó ti dàgbà, tó sanra, pàápàá akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ló sábà máa ń mú. Á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ rẹpẹtẹ, á máa jẹun dáadáa síbẹ̀ á máa rù. Nígbà mìíràn, èèrà tó ṣù bo ibi tó tọ̀ sí ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, láti inú oúnjẹ àti láti inú ẹ̀dọ̀. Ínsúlínì ni ohun tí ara ń pèsè kí ṣúgà yẹn lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ínsúlínì ò bá tó, tàbí tí ara ò kà á sí mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ínsúlínì náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mítà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà. Sítíríìpù ni pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Láńsẹ́ẹ̀tì ni abẹ́rẹ́ kékeré tí a fi ń gún awọ kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ.

Nọ́ńbà tí mo ń lò níbí jẹ́ ti mg/dL, èyí tó wọ́pọ̀ lórí mítà wa. Bí tiyín bá ka nǹkan bíi 9.4, mmol/L ló ń kà: ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó tó 169. Ológbò tí ara rẹ̀ dá, tí kò sì bẹ̀rù, sábà máa ń wà láàárín 80 sí 120. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 250 sí 270, kíndìnrín ò ní lè dá ṣúgà dúró mọ́, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ jáde, á sì máa fa omi dání. Ìdí tó fi ń tọ̀ tó ń mu omi bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kí ló ń gbé ṣúgà sókè ní ọsibítù?

Ẹ̀rù ni. Ẹ ki ológbò bọ inú àpótí, ẹ gbé e wọ Micra láti Àpáta, fèrè mọ́tò ń dún ní gbogbo Dùgbẹ̀, ẹ wá débi tí ajá ti ń gbó lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan tó wọ ibọ̀wọ́ wá dì í mú. Ológbò ò mọ̀ pé ìtọ́jú ni. Ara rẹ̀ á tú omi ìbẹ̀rù sínú ẹ̀jẹ̀, omi yẹn á pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó kó ṣúgà tó tò pamọ́ jáde kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá lọ. Ológbò tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá lè ti ipa bẹ́ẹ̀ kọjá 300. Ti ológbò le ju ti ajá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, dókítà tó mọṣẹ́ kì í torí nọ́ńbà ẹyọ kan sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Á wo ìtọ̀, á béèrè bó ṣe ń mu omi, ó sì lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní fructosamine, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rù ọjọ́ kan ò lè yí ìyẹn padà.

Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀rù lè wà nílé pẹ̀lú. Bí ẹ bá lé ológbò yíká pálọ̀, tí ẹ fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ méjì wá bá yín dì í mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ọsibítù lẹ tún gbé wọlé yẹn.

Ṣé mítà ènìyàn ṣeé lò fún ológbò?

Ó ṣeé lò, bí ẹ bá ti mọ ibi tó tẹ̀ sí. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, 42 tó kù wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa. Ti ológbò yàtọ̀: nǹkan bí 93 ló wà nínú omi, 7 péré ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Mítà ènìyàn ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ológbò ni wọ́n fún un, ìṣirò ti ènìyàn ló ń ṣe. Ohun tó sábà máa ń tìdí rẹ̀ yọ ni pé á ka ṣúgà ológbò sí kékeré ju bó ṣe wà gan-an lọ, pàápàá nígbà tí ṣúgà bá ga.

Mítà tí wọ́n ṣe fún ẹranko wà, AlphaTrak ló gbajúmọ̀ jù. Òun máa ń súnmọ́ òótọ́ jù, kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ yan kóòdù ológbò lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ajá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ sítíríìpù kí ẹ tó náwó. Mítà tí ẹ ò rí sítíríìpù rẹ̀ rà nígbà tó bá tán, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Sítíríìpù ti mítà ènìyàn wà ní ọjà Àgbẹni, ó wà ní ilé òògùn àdúgbò. Lójú tèmi, mítà ènìyàn tó dára, tí sítíríìpù rẹ̀ kò ní wọ́n yín, sàn fún ará Ìbàdàn ju ti ẹranko tó ń ti òkè òkun bọ̀ lọ, bí dókítà bá ti mọ èyí tí ẹ ń lò. Ẹ sọ ọ́ fún un tààrà, nítorí nọ́ńbà kan náà lórí mítà méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ má sì máa pààrọ̀ mítà láàárín ìtọ́jú.

Ẹ̀rọ tó dára gan-an náà ní ìwọ̀n àṣìṣe tí wọ́n gbà á láyè. Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 2013 fún mítà ènìyàn ní bí ṣúgà bá tó 100 sókè, nọ́ńbà lè fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí kó fi dín. Bí òótọ́ bá jẹ́ 200, mítà lè ka 170, ó lè ka 230, kò tíì ṣẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tó rí 185 àti 205 kò rí ìjà kankan níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ mítà Bàbá lẹ ń yá lò, ẹ ra ti ológbò lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń kó nọ́ńbà pa mọ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá gbé e lọ fún dókítà wọn ní ọsibítù, wọ́n á máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ lóru Àìkú tí ṣúgà fi di 340. Láńsẹ́ẹ̀tì ni kò yẹ kí ènìyàn àti ẹranko jọ lò rárá.

Níbo la ti ń gba ẹ̀jẹ̀, báwo ló sì ṣe ń yọ?

Bèbè etí ni. Bí ẹ bá na etí ológbò síwájú iná, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó tọ bèbè rẹ̀ lọ. Ẹ má gún iṣan náà fúnra rẹ̀. Àárín òun àti bèbè etí lẹ ó gún. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀nba ló ń yọ níbẹ̀, kì í sì í dùn ún tó bí ẹ ṣe rò.

Etí tó tutù kì í fún yín lẹ́jẹ̀. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò kékeré, ẹ fi aṣọ wé e títí tó fi máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ gbé e ti etí náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi aṣọ tútù nu etí, nítorí omi tó bá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ á là á, nọ́ńbà á ṣìnà. Ẹ fi fasilín díẹ̀, bíńtín báyìí, pa ibi tí ẹ fẹ́ gún, kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ dípò kó ràn mọ́ irun. Ẹ fi òwú sẹ́yìn etí kí ẹ má baà gún ìka ara yín, ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan, kíá. Ẹ fi ẹnu sítíríìpù kan ẹ̀jẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ á fà á. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá.

Láńsẹ́ẹ̀tì máa ń ní nọ́ńbà lára, nọ́ńbà tó kéré ló nípọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, 28 á rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju 33 lọ, torí 33 tín-ín-rín débi pé ẹ lè gún un nígbà mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ má yọ. Ẹ lo tuntun lójoojúmọ́. Èyí tó ti kú ló ń dun ẹranko. Bí etí bá kọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú náà ṣeé gún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ológbò ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn.

Kí ẹ tó gún un rárá, ẹ fi ọjọ́ bíi mélòó kan kọ́ ọ: ibì kan náà, wákàtí kan náà, ẹ kan máa fọwọ́ pa etí, kí ẹ sì fún un ní ègé ẹja. Ológbò tó mọ̀ pé ẹja ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á fúnra rẹ̀ wá jókòó. (Bí aládùúgbò bá bá yín níbi tí ẹ ti ń gún ológbò létí, ẹ yáa tètè ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ológbò kì í mọ ní kékeré lẹ́nu àwọn èèyàn wa.)

Kí ló ń ba nọ́ńbà jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀?

Ọwọ́ wa ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tó wá fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ, ṣúgà ọsàn ni mítà máa kà mọ́ ti ológbò. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ nu ún gbẹ.

Ooru ni èkejì, ibẹ̀ sì ni Ìbàdàn ti ń fìyà jẹ wá. Ẹ̀yìn ike ọ̀pọ̀ sítíríìpù ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 30°C lọ. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, yàrá tí kò ní fáànù á kọjá ìyẹn lọ́sàn-án, ká má tíì sọ ti inú mọ́tò tó wà lóòrùn. Ẹ wá ibi tó tutù jù nínú ilé, bíi ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí òòrùn kì í dé. Kì í ṣe fíríìjì o: bí ẹ bá mú un jáde, ìrì á sẹ̀ sí i lára. Ọ̀rinrin ìgbà òjò náà ń pa á. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ dé ike padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má da sítíríìpù sínú náílọ́ọ̀nù, torí ike yẹn ní ohun tó ń fa omi nínú. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà péré ni wọ́n ń lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí wọn, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara ike.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Mítà mìíràn á ní àṣìṣe wà, òmíràn á kàn gbé nọ́ńbà kékeré jáde. Bí nọ́ńbà kan bá yà yín lẹ́nu tí ara ológbò sì le koko, ẹ fi sítíríìpù mìíràn tún un wọ̀n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bákan náà, ológbò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, nọ́ńbà rẹ̀ á máa ga ju òótọ́. Èyí tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, nọ́ńbà á máa kéré jù.

Nígbà mìíràn mítà ò ṣẹ̀, ínsúlínì inú fíríìjì ló bàjẹ́ nítorí iná tí kò sí. Tàbí síríńjì ni. Ínsúlínì kan wà tó jẹ́ U-100, ìyẹn ni pé yúníìtì 100 ló wà nínú mílílítà kan, bíi glargine. Òmíràn jẹ́ U-40, bíi ProZinc àti Caninsulin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní síríńjì tirẹ̀. Ẹni tó fi síríńjì U-40 fa ínsúlínì U-100 dé ojú ìlà 2 ti fa yúníìtì 5. Ìyẹn lè pa ológbò.

Kí ni nọ́ńbà ẹyọ kan lè sọ fún wa?

Díẹ̀ ni. Ẹni tó kọjá Ìwó Road ní aago márùn-ún ìdájí á ní kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ níbẹ̀ rárá. Ẹni tó kọjá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á ní irọ́ ló ń pa. Ṣúgà ológbò tó ń gba ínsúlínì rí bẹ́ẹ̀: ó ga kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ó ń lọ sílẹ̀ bí ínsúlínì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó tún gòkè bí agbára rẹ̀ ṣe ń tán.

Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń ní kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ kan, ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ wọ̀n ọ́n kó tó jẹun, kó tó gba abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ máa bá a lọ títí di àkókò abẹ́rẹ́ tó kàn. Ká sọ pé báyìí ló rí: aago 7 àárọ̀, 330, aago 9, 260, aago 11, 170, aago 1 ọ̀sán, 110, aago 3, 140, aago 5, 220, aago 7 alẹ́, 300. Ẹni tó wo ti àárọ̀ àti ti alẹ́ nìkan á ní ínsúlínì ò ṣiṣẹ́, á fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago 1: ó ti dé 110. Bó bá fi kún un, ọ̀sán ọjọ́ kejì lè bá ológbò ní 50, nígbà tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Ibi tó rẹlẹ̀ jù yẹn ni dókítà ń wá. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 80 sí 150.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má yí oúnjẹ padà, ẹ má pe àlejò. Bí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n ínsúlínì, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kọjá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ara lè mọ́ ọn. Inú ìwé lẹ ó kọ ọ́ sí: wákàtí, nọ́ńbà, ohun tó jẹ, ìwọ̀n abẹ́rẹ́, àti bóyá ó jà kí ẹ tó gún un. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì máa ń ṣàlàyé nọ́ńbà tó ṣe ségesège.

Ìgbà wo ni nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì?

Èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju èyí tó ga lọ. Ṣúgà 350 fún ọjọ́ kan kì í pa ológbò tó ń jẹun. Ṣúgà 30 lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fún un ní abẹ́rẹ́ tó sì wà nísàlẹ̀ 150, ẹ má gún un, ẹ kọ́kọ́ pe dókítà. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tí ẹ fò kò burú tó èyí tó pọ̀ jù.

Bó bá wà nísàlẹ̀ 60, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó ń gbọ̀n, tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ má dúró wá mítà kiri. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lóúnjẹ. Bí kò bá lè gbé e mì, tàbí tí gìrì mú un, ẹ fi oyin tàbí gúlúkóòsì tí ẹ pò mọ́ omi ra èrìgì rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lọ́nà ọ̀fun, kó má baà pá a lórí. Kí ẹnì kan máa pe mọ́tò bí ẹ ṣe ń rà á. Bó bá tilẹ̀ jí pépé, ẹ gbé e dé ọsibítù ẹranko tó súnmọ́ yín, bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn, torí ínsúlínì tó wà lára ṣì lè tún fa ṣúgà wálẹ̀. Bí mítà bá kọ «LO», ó ti rẹlẹ̀ ju ohun tó lè kà lọ. Bó bá kọ «HI», ó ti ga kọjá agbára rẹ̀. Bí ológbò tó wà ní «HI» bá tún ń bì tí kò jẹun, ọsibítù nìyẹn náà, lọ́jọ́ náà.

Ṣé kò sí ọ̀nà tí kò ní gba abẹ́rẹ́ létí?

Sítíríìpù ìtọ̀ wà, ó rọjú, ṣùgbọ́n ṣúgà kì í dé inú ìtọ̀ títí á fi kọjá 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ tí kò ní ṣúgà lè jẹ́ ti ológbò tó wà ní 120, ó lè jẹ́ ti èyí tó wà ní 40. Ẹ má fi pinnu ìwọ̀n ínsúlínì láéláé.

Ẹ̀rọ FreeStyle Libre tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lẹ̀ mọ́ apá, àwọn dókítà ẹranko ń fá irun ológbò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Omi abẹ́ awọ ló ń kà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ṣúgà bá ń sáré. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ọ̀pọ̀ ológbò á ti fa tiwọn yọ kó tó pé bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ibi tó wúlò jù ni òru, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè máa jí ní wákàtí méjì-méjì. Bó bá sọ pé ṣúgà ti já wálẹ̀ tí ológbò sì ń ṣeré, ẹ fi mítà etí jẹ́rìí sí i.

Ohun kan wà tí ìwé inú ilé máa ń fi hàn kí ọsibítù tó rí i. Àwọn ológbò kan wà tí ara wọn ń padà bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ínsúlínì láàárín oṣù díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí wọ́n dẹ́kun ìrẹsì àti ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, tó jẹ́ ẹja àti ẹran ni wọ́n ń jẹ. Kò ní ariwo: nọ́ńbà tó ṣáájú abẹ́rẹ́ àárọ̀ á kàn máa lọ sílẹ̀, 280 lọ́sẹ̀ yìí, 220 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, 170 lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà kó dín ínsúlínì kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú nínú wíwọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá dúró, torí ó lè padà wá.